Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ àti Àníyàn Ọ̀dọ́langba ní Ilẹ̀ Okun

Bí àlejò bá wọ ìlú Kábà ní òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ kan kò ní pẹ́ kí ó tó ta sí i létí: "Okun o!" Ẹni tí ó ń gbálẹ̀ ni a ń kí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń ti oko bọ̀ ni a ń kí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ pàápàá kì í ṣàì gba tirẹ̀. Okun ni agbára. Ẹni tí ó bá kí ẹnìkejì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí agbára má ṣe tán lára rẹ̀. Ìkíni yìí gbilẹ̀ láàrin àwọn Owé ti Kábà, àwọn Ìjùmú, àwọn Ìyàgbà, àwọn Bùnú àti àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di orúkọ tí a ń pe gbogbo wọn pọ̀. Ìkíni ni ó sọ wọ́n ní ọmọ Okun, kì í ṣe orúkọ ọba, kì í sì í ṣe orúkọ òkè tàbí odò.

Ohun tí ó wà nínú ìkíni náà ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn lè fi agbára kún agbára ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ti lè fún ni ní okun, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè gba okun lọ́wọ́ ẹni, kódà bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni ó ń sọ ọ́, tí ó sì ń fi ìfẹ́ sọ ọ́. Ibi tí èyí ti hàn gbangba ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́langba, àwọn ọmọ ọdún 13 sí 19, ń bá ara wọn sọ nípa ara wọn.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a bá kó ọmọ méje jọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 10 sí 19, ọ̀kan nínú wọn ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn. Àníyàn tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ sì wà lára àwọn tí ó wọ́pọ̀ jù. Ilẹ̀ Okun kò sí lẹ́yìn odi ayé. Nítorí náà ó yẹ kí àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn mọ bí ojú tí ọmọ fi ń wo ara rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ, ṣe so mọ́ àníyàn yìí.

ÀNÍYÀN ÀTI ORÍ TÍ Ń GBÓNÁ

Àníyàn kì í ṣe àrùn ní ti ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣàníyàn nípa òjò kì í tètè tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já díẹ̀ nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ó ń rántí ṣí ìwé rẹ̀. Àníyàn di àrùn nígbà tí ó bá tóbi ju ohun tí ó fà á lọ. Nígbà tí ohun náà bá ti kọjá, tí òun kò kọjá. Nígbà tí kò bá jẹ́ kí ọmọ sùn, kí ó jẹun, kí ó lọ sí ilé-ìwé, tàbí kí ó bá àwọn ojúgbà rẹ̀ ṣeré.

Láàrin Yorùbá, àníyàn kì í sábà jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí ó bá dé. Ara ni ó máa ń gbà wọlé, orí ni ó sì ń bá jà jù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ yóò wí pé orí ń gbóná, pé ohun kan ń rìn nínú orí òun, pé àyà òun ń já, pé oorun ti dá lójú òun. Àwọn ènìyàn ń pe irú èyí ní ọdẹ orí. Ní ọdún 1987, oníṣègùn ọpọlọ R. O. A. Mákanjúọlá gbé ìwádìí kan jáde nípa ọdẹ orí láàrin àwọn aláìsàn tí wọ́n jẹ́ Yorùbá. Ó fi hàn pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ni àwọn aláìsàn ń fi ẹ̀sùn kàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ni a sábà ń bá nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wọ ìwé ṣáájú èyí. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú kan ní Àró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọkàn ti ń gbé ní abúlé pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn, dípò kí a há wọn mọ́. Oníṣègùn ará Kánádà kan, Raymond Prince, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní Àró ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1960, ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń wá sọ pé orí ń ta àwọn, pé ojú àwọn ń ṣú, pé àwọn ń kàwé ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ń kà kò wọlé. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é, ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Ní ọdún 1980, Olúfẹ́mi Morákinyọ̀ fi kún àlàyé náà pé ìfẹ́ àtiṣe-àṣeyọrí tí ó le koko, àìsùn, àti àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má baà kùn wọ́n, ń dá kún ìnira náà. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkójọ àìsàn ọkàn wọn ní ọdún 1994. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní ọdún 2013, wọn kò fún un ní àyè tirẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ó kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí ń jókòó ti ìwé tí ìwé kò wọlé kò tíì kúrò nílé.

Ohun kan yẹ ní kíkíyèsí nínú ìtàn yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń ta kì í ṣe òun àti ìwé rẹ̀ nìkan ni ó jókòó. Ìrètí gbogbo ìdílé wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ka ìwé kan náà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó ti ń wo ìwé ni ó ń wo ara rẹ̀ pẹ̀lú, ojú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó sì fi ń wò ó.

OJÚ TÍ ỌMỌ FI Ń WO ARA RẸ̀

Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ ara rẹ̀ nípa ohun tí ó lè ṣe. Yóò wí pé òun lè sáré, òun lè gun igi, òun lè ka ení dé ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ó bá ń bàlágà, ìbéèrè náà yí padà. Ara ń yí, ohùn ń yí, èrò sì ń jinlẹ̀ sí i. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni àwọn ènìyàn ń rí nígbà tí wọ́n bá rí mi?"

Ní ọdún 1967, David Elkind, onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní àkókò yìí. Ó ní ọ̀dọ́langba a máa gbé àwọn òǹwòran kan jókòó sínú ọkàn ara rẹ̀. Nítorí pé òun ń ronú nípa ara rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó gbà pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń ronú lé lórí náà nìyẹn. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ ọjà Kábà pẹ̀lú bàtà tí ó já, yóò rò pé bàtà òun ni gbogbo ọjà ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá aláta ń wá ṣẹ́ńjì, awakọ̀ ń pe èrò Lọ́kọ́ja, ẹni kankan kò sì mọ̀ pé ó wọ bàtà. Àgbà lè rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ìtìjú tí ọmọ náà ń gbé kiri kì í ṣe eré lójú rẹ̀.

Susan Harter, ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, ṣe ìwé ìbéèrè kan jáde ní ọdún 1988 láti fi mọ bí ọ̀dọ́langba ṣe ń wo ara rẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́jọ ni ó pín in sí, nínú èyí tí ẹ̀kọ́ ìwé, eré ìdárayá, ìrísí ara, ìwà, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ àti bí ẹgbẹ́ ṣe gba ọmọ sí wà. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bí ọmọ ṣe ka ara rẹ̀ sí lápapọ̀. Ohun tí ó ń jáde léraléra nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ìrísí ara ni ó so mọ́ iye tí ọmọ ka ara rẹ̀ sí jù lọ. Èyí ta ko ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ìwà ni ẹwà. Ṣùgbọ́n àgbà ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí òun àti dígí ti parí ìjà wọn. Ọ̀dọ́langba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ni.

Ọmọ ilẹ̀ Okun ní dígí mìíràn tí ó ń wò lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, ìyẹn ni ti èdè àti ìran. Yorùbá ni àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, Àríwá ni a pín wọn mọ́, lábẹ́ Ẹkùn Kábà. Ní ọdún 1967 wọ́n bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991 wọ́n di ara Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí àwọn Ìgalà àti àwọn Ẹ̀bìrà ti pọ̀ jù wọ́n lọ. Ọmọ Owé tí ó lọ kàwé ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin lè rí i pé bí òun bá ti la ẹnu, àwọn ẹgbẹ́ òun yóò máa rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì máa bi òun bóyá Yorùbá ni òun ń sọ. Bí ó bá lọ sí Lọ́kọ́ja, a lè pè é ní Yorùbá láìṣe iyèméjì, kí ó sì wà lára àwọn tí kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè kan náà ni ìyá ìyá rẹ̀ fi ń súre fún un ní Kábà, tí orí rẹ̀ fi ń wú. Èdè náà kò yí padà. Ojú tí ń wò ó ni ó yí padà. Ọmọ tí kò bá mọ èyí yóò gbà pé àbùkù wà lára òun. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn pamọ́, yóò máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, àyà rẹ̀ yóò sì máa já kí ó tó dáhùn ohun tí ó mọ̀ dáadáa.

Kò sí ẹni tí kì í fi ojú ẹlòmíràn wo ara rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni kí ọmọ má ní ojú mìíràn láti fi wo ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ojú àwọn òǹwòran. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ni yóò sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un.

Ọ̀RỌ̀ TÍ ẸGBẸ́ Ń SỌ

Àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ṣeré. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí kò ní ẹgbẹ́ kò ní ibi tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, iṣẹ́ ni ó sábà ń kó ẹgbẹ́ jọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń ṣe àáró: lónìí wọn yóò ro oko èyí, lọ́la wọn yóò ro oko tọ̀hún, títí yóò fi kárí. Ní Bùnú, òfì tí a gbé dúró ni àwọn ọmọbìnrin ń jókòó tì láti kọ́ aṣọ híhun lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ gùn jù, iṣẹ́ yóò pè wọ́n padà, àgbà kan kò sì ní jìnnà sí ibẹ̀.

Lóde òní, kíláàsì, yàrá àwọn ọmọ ilé-ìwé àti tẹlifóònù alágbèéká ni ó gba ipò oko àti òfì. Ọ̀rọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ ní ojú ọ̀nà ilé-ìwé kì í parí nígbà tí olúkúlùkù bá dé ilé. Yóò tún bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó sì lè di ọ̀gànjọ́ òru kí ó tó dáwọ́ dúró. Kò sí iṣẹ́ tí yóò gé e, kò sí àgbà tí yóò gbọ́ ọ.

Ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni Amanda Rose, ti Yunifásítì Missouri ní Amẹ́ríkà, wádìí. Ní ọdún 2002 ó gbé iṣẹ́ kan jáde tí ó ṣe láàrin ọmọ ilé-ìwé 608. Ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìṣòro wọn: ṣé wọn a máa sọ ọ́ lásọtúnsọ, ṣé wọn a máa ro gbogbo ibi tí ó lè já sí, ṣé wọn a máa dúró lórí bí inú wọn ṣe bàjẹ́ tó. Orúkọ tí ó fún àṣà yìí fara jọ ohun tí màlúù àti àgùntàn ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń jẹ àpọ̀jẹ, tí wọ́n ń pọ ohun tí wọ́n ti gbé mì padà sí ẹnu láti tún un jẹ. Jíjọ jẹ àpọ̀jẹ ọ̀rọ̀ ni a lè pè é ní Yorùbá. Ohun méjì ni Rose rí. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń jẹ àpọ̀jẹ ọ̀rọ̀ súnmọ́ ara wọn ju àwọn yòókù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pọ̀ lára wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Ó rí i pẹ̀lú pé àwọn ọmọbìnrin ń ṣe é ju àwọn ọmọkùnrin lọ, pàápàá bí wọ́n ti ń dàgbà.

Ẹni tí ó gbọ́n lè béèrè pé èwo ni ó bí èkejì. Ṣé ọ̀rọ̀ ni ó fa àníyàn ni, tàbí ẹni tí ó ti ní àníyàn ni ó ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀? Nítorí ìbéèrè yìí ni Rose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi tẹ̀ lé ọmọ 813 fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Wọ́n rí i pé ọ̀nà méjèèjì ni ó là. Ọmọ tí ó ti ń ṣàníyàn ń jẹ àpọ̀jẹ ọ̀rọ̀ sí i. Ọmọbìnrin tí ó sì ń jẹ àpọ̀jẹ ọ̀rọ̀, àníyàn rẹ̀ pọ̀ sí i nígbà tí oṣù mẹ́fà fi pé, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń dùn mọ́ ọn sí i. Ní ti àwọn ọmọkùnrin, ọ̀rẹ́ náà dán mọ́rán, ṣùgbọ́n a kò rí i pé àníyàn wọn tìtorí rẹ̀ pọ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti ṣòro nìyí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ burúkú ni, ọmọ ìbá tètè sá fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ń so ọ̀rẹ́ ró ni ohun kan náà tí ń gba okun lára wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń padà sí ìdí rẹ̀.

BÍ OJÚ ÀTI Ọ̀RỌ̀ ṢE Ń PÀDÉ

Kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin méjì ní Kábà, ọ̀rẹ́ tí ó ti pẹ́ ni wọ́n. Èsì ìdánwò JAMB jáde, ìdánwò tí 400 jẹ́ òpin máàkì rẹ̀. Èkíní kò gba iye tí yóò mú un wọ ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó ń fẹ́. Ó sunkún, ó sì lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ohun tí ó tọ́ ni ó ṣe.

Èkejì dì mọ́ ọn, ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Kí ni màmá ẹ máa wí?" Èkíní kò tíì ronú kan màmá rẹ̀ rárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kàn án. "Ṣé tíṣà fisíìsì ti gbọ́?" Tíṣà náà dé inú ọ̀rọ̀. "Mo rí i bí lágbájá ṣe wò ẹ́ lánàá, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ pé ó ti mọ̀." Lágbájá náà wọlé. Ní òru, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifóònù: bóyá kò mọ̀wé tó bí wọ́n ti rò, bóyá ọ̀rẹ́ mìíràn tí ó yege yóò fi í sílẹ̀, bóyá ọdún tí ń bọ̀ náà yóò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, èsì ìdánwò kò yí padà, wọn kò sì mọ ohun tí ọmọ náà yóò ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí ó pọ̀ sí i ni iye àwọn òǹwòran.

Ìdè tí ó so ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nìyẹn. Àwọn òǹwòran inú ọkàn tí Elkind sọ nípa wọn kì í dá wá. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wọlé. Ọ̀rẹ́ tí ń jẹ àpọ̀jẹ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fa àga sílẹ̀ fún àwọn òǹwòran náà láìmọ̀. Bí wọ́n ti ń pọ̀ ni ojú tí ọmọ fi ń wo ara rẹ̀ ń korò. Bí ojú náà ti ń korò ni àyà ń já sí i. Bí àyà bá sì ti ń já, yóò tún wá ọ̀rẹ́ lọ, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti ka ara rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, tí ó mọ ohun tí òun lè ṣe àti ẹni tí ó bí òun, kì í tètè há sínú àyíká yìí, nítorí pé kì í gba gbogbo òǹwòran gbọ́. Ẹni tí kò ní nǹkan kan tí ó fi ń wọn ara rẹ̀ ju ẹnu ẹgbẹ́ lọ ni ó ń há síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ibi èyí parí èrò sí pé kí àwọn ọmọ dákẹ́. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ọmọkùnrin tí a ti kọ́ pé ọkùnrin kì í sunkún, tí ó gbé ẹ̀rù rẹ̀ mì, kò sàn ju ọmọbìnrin tí ń sọ tirẹ̀ lásọtúnsọ. Òun nìkan ni ó ń jẹ àpọ̀jẹ tirẹ̀. Láti ọdún 1991 ni Susan Nolen-Hoeksema ti ṣàlàyé pé ẹni tí ń ro ìbànújẹ́ rẹ̀ ní àrotúnrò, kódà ní ọkàn ara rẹ̀ nìkan, ń mú kí ìbànújẹ́ náà pẹ́ ju ti ẹni tí ó dìde fi ọwọ́ kan iṣẹ́ lọ.

OHUN TÍ Ó YA Ọ̀RỌ̀ KAN SỌ́TỌ̀ KÚRÒ LÁRA ÈKEJÌ

Àwọn àgbà ní, bí a ti ń sunkún, à máa ń ríran. Wọn kò ní kí a má sunkún. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí omijé má dí ojú. Láti inú òwe yìí ni a ti lè mọ ọ̀rọ̀ tí ń fún ni ní okun yàtọ̀ sí èyí tí ń gbà á.

Èkíní, ọ̀rọ̀ tí ó dára ń rìn. Ó dà bí àáró. Àwọn tí ń ṣe àáró kì í ro ebè kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí wọ́n bá ti ro ebè dé ìpẹ̀kun, wọn a bọ́ sí òmíràn, wọn a sì bọ́ sí oko ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ tí ó gbọ́n yóò gbọ́ ẹkún tán, yóò wá béèrè pé, "Kí ni a lè ṣe sí i?" Nínú àpẹẹrẹ ti JAMB, ó lè jẹ́ pé kí wọ́n wo àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn tí máàkì náà tó fún, tàbí kí wọ́n ṣètò bí wọn yóò ti jọ kàwé di ọdún tí ń bọ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ tí ó dára ń rántí ìyókù ọmọ náà. Èsì ìdánwò kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀. Bí ìrísí tàbí máàkì bá bò ó lójú, ọ̀rẹ́ a máa rán an létí pé òun ni ó kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ìṣirò, pé òun ni ẹgbẹ́ ń pè bí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ìpọ́nni. Òótọ́ tí ọmọ náà gbàgbé ni.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tí ó dára ní òpin. Ó ní àkókò tí a óò fi í sílẹ̀, tí ọwọ́ yóò bọ́ sí iṣẹ́, tí ara yóò lọ sinmi. Oorun tí ọ̀rọ̀ òru gbà lọ kì í dá padà lọ́jọ́ kejì, orí tí kò sì sùn ni ọdẹ orí ń bá ṣeré.

ÌPA TI ÀWỌN ÀGBÀ

Àgbà tí ó bá fẹ́ tún ọ̀ràn yìí ṣe kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ lé ọ̀rẹ́ ọmọ lọ. Ọ̀rẹ́ náà ni ibi tí ọmọ ti ń rí àyè sọ̀rọ̀, bí a bá sì dí i láìsí òmíràn, ìdákẹ́ ni yóò kù. Ohun tí ó ṣáájú ni kí àgbà yẹ ẹnu ara rẹ̀ wò. Òbí tí ń bi ọmọ pé, "Ṣé orí méjì ni ọmọ lágbájá ní?" rò pé òun ń ta á jí ni. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fi òǹwòran kan kún àwọn tí ó ti wà nínú ọkàn ọmọ, èyí tí agbára rẹ̀ sì ju ti gbogbo wọn lọ. Èyí tí ó ní, "Kí ni ọmọdé rí tí ó ń rò?" ti ti ìlẹ̀kùn tí ọmọ ìbá gbà wọlé tọ̀ ọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kí àgbà fún ọmọ ní ohun mìíràn tí yóò máa fi wo ara rẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè fi hàn pé òun ni òun ṣe é, oríkì ìdílé rẹ̀, àti èdè rẹ̀. Ọmọ Okun tí a kọ́ pé ẹ̀ka Yorùbá tí ó ní ìtàn ni èdè Owé tàbí ti Ìyàgbà, tí kì í ṣe Yorùbá tí ó bàjẹ́, yóò gbọ́ ẹ̀rín ẹgbẹ́ ní Ìlọrin, ẹ̀rín náà lè dùn ún, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni kí àgbà mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára ọ̀rẹ́ àti òbí. Bí ọmọ kò bá sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí ó bá kọ oúnjẹ tàbí ilé-ìwé, bí orí bá ń ta á tí àwọn oníṣègùn kò sì rí àrùn kan nínú ara rẹ̀, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn. Bí ó bá sì ń sọ pé ikú tẹ́ òun lọ́rùn, kí a má ṣe dá a fi sílẹ̀, kí a má sì ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ìtìjú kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti pa òfin àtijọ́ tì, èyí tí ń ka gbogbo aláìsàn ọkàn mọ́ wèrè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni a fi ọwọ́ sí òfin tuntun tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn. Ohun tí Lámbò ti rí ní Àró ní ọdún 1954 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé bá, pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn kò yẹ ní ẹni tí a ń yà kúrò láàrin ènìyàn.

Ní ìkẹyìn, ó dára kí a padà sí ìkíni tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ẹlẹ́rù pàdé lójú ọ̀nà Kábà, tí ó wí fún un pé "Okun o," kò dá a dúró láti ka iye igi tí ó wà lórí rẹ̀, kò sì bi í bóyá àwọn ènìyàn ń wò ó. Kò sì sọ pé ẹrù náà kò wúwo. Ó rí ẹrù náà, ó gbà pé ó wúwo, ó fẹ́ kí ẹni tí ó rù ú ní agbára láti gbé e dé ilé. Bí ọ̀nà wọn bá sì jọ lọ, yóò bá a gbé díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́langba bá lè kọ́ láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ wọn kò ní dín kù, okun wọn yóò sì pọ̀ sí i.